Kóńgò Ojú Àlejò

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun kan nínú ilé ìdáná tí sikéèlì kò lè yanjú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, mo sì ní sikéèlì pẹlẹbẹ kan tí mo máa ń gbé kiri nínú báàgì bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbé Bíbélì. Ilé yòówù kí n dé tí wọ́n bá ń dáná, màá béèrè pé gíráàmù mélòó ni iyọ̀ tí wọ́n fẹ́ dà sínú ọbẹ̀ yẹn. Ìyá mi ní Ìdó ti lé mi kúrò nídìí ààrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Mo kàn gbà pé ojú rẹ̀ kò tíì là ni, àti pé bó pẹ́ bó yá, yóò wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun.

Ilé-ìwé girama kan lágbègbè Ìkọ̀lé ló gbà mí síṣẹ́. Ìjọ ló ni ilé-ìwé náà, inú rẹ̀ làwọn ọmọ ń gbé, wọn kò sì ju ọgọ́fà lọ. Ọ̀gá àgbà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ ni, ọkùnrin tó máa ń rìn kíákíá, tí kò fẹ́ràn kí ohunkóhun wà tí kò sí nínú ìwé. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí mo dé, ó ní àwọn alábẹ̀wò láti olú ilé ìjọ ń bọ̀ ní ìparí tẹ́ẹ̀mù, wọ́n sì fẹ́ rí i pé kílò ni wọ́n fi ń wọn gbogbo oúnjẹ gbígbẹ tó ń jáde ní sítọ́ọ̀: fúláwà, ẹ̀wà, èlùbọ́, gààrí, ṣúgà, iyọ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, kóńgò àti agolo ni Màmá Ìdáná fi ń wọ̀n wọ́n. Iṣẹ́ mi ni láti sọ kóńgò Màmá Ìdáná di kílò. Ó fi bébà kan hàn mí lórí tábìlì rẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi títí ayé ni, kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ ju kó fọwọ́ sí i lọ. Ó ní bí mo bá ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, òun á fọwọ́ sí i. Mo rí orúkọ mi lórí bébà náà, tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Màmá Ìdáná ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ará Ìfisìn ni, ibẹ̀ ló ti ń gun ọ̀kadà wá láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn ọmọ tó sì ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń bí àwọn ọmọ tó tún ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kàwé púpọ̀. Ohun tó wà lórí rẹ̀ lèyí: kóńgò fúláwà mẹ́fà fún bọ́ǹsì ọjọ́ Sátidé, kóńgò ẹ̀wà mẹ́jọ fún ọjọ́ Ajé, agolo iyọ̀ kan fún èyí, ààbọ̀ fún tọ̀hún. Bọ́ǹsì rẹ̀ yẹn, mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ títí dòní. Bó o bá fà á ya, inú rẹ̀ á fúyẹ́, á sì máa rú èéfín, epo kò ní lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe iṣẹ́ náà. Mo gbé àpótí síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo gbé sikéèlì lé orí tábìlì, mo ṣí ìwé. “Mà, ẹ ṣe é gan-an bí ẹ ṣe máa ń ṣe é,” ni mo wí.

“Oó, ọmọ mi. Jókòó sulẹ̀ dáadáa. Ṣé o ti jẹun?”

Mo ní mo ti jẹun. Kò gbọ́. Ó gbé àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná síwájú mi, ó dúró dè mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, kó tó fọwọ́ kan kóńgò. Lẹ́yìn náà ló wá bu fúláwà. Ó bù ú kún, ó tún bù sí i, ó fi ọwọ́ òsì ká etí kóńgò mọ́ kó má baà ya sílẹ̀, ó tún bù sí i títí orí rẹ̀ fi yọ ṣóńṣó. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo wọ̀n ọ́n: kílò kan àti ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù, ó lé díẹ̀. Kóńgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sún mọ́ra wọn débi pé mo ń mi orí. Mo ń sọ nínú ara mi pé ẹ wo obìnrin tí kò rí sikéèlì rí, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di sikéèlì. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀: bọ́ǹsì ọjọ́ Sátidé, kílò mẹ́jọ.

Ìkìlọ̀ kan wá, mi ò sì gbà á. Àtẹ kan wà lórí fóònù mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ń sọ ife di gíráàmù, tó ní ife fúláwà kan jẹ́ gíráàmù márùndínláàádóje. Mo fi omi wọ̀n ọ́n, mo rí i pé ife mẹ́jọ ló kún kóńgò. Mo ṣe ìṣirò: kílò kan géérégé ló yẹ kó jẹ́. Tiwa fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta jù ú lọ. Ẹlòmíràn ì bá dúró, kó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló fà á. Èmi ní àwọn òyìnbó ló ṣì í wọ̀n. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé mi, mo fa igi sí abẹ́ rẹ̀, pé fúláwà tiwa wúwo ju tiwọn lọ. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ìgbéraga bá ti fẹ́ gùn mí, mo máa ń ṣí ojú ewé náà.

Wọ́n tẹ àtẹ mi, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sítọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́sà, ọkùnrin tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí àtẹ mi bá wí ni Bọ́sà ń wọ̀n jáde. Sátidé àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ni mo dín bọ́ǹsì, kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ ìmọ̀. Ó le bí òkúta. Àwọn ọmọ ń jù ú sí ara wọn láti orí àga dé orí àga. Mo ní bekin páúdà ló ti pẹ́ jù. Màmá Ìdáná kò bá mi jiyàn, ó ní, “Uná ló pọ̀ díẹ̀, ọmọ mi, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ.” Ní Sátidé kejì, òun ló dín in, bọ́ǹsì sì padà sí bó ṣe wà. Ọ̀gá àgbà jẹ mẹ́ta, ó dìde níwájú gbogbo wa, ó ní ẹ rí i bí oúnjẹ ṣe ń rí nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìmọ̀. Mo tẹ orí ba bí ẹni tí ìyìn kò gùn. Inú mi ń jó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀gá àgbà àti Bọ́sà wọ ilé ìdáná láti wá ka àwọn ìkòkò ṣáájú kí àwọn alábẹ̀wò tó dé. Mo wà níbẹ̀. Bọ́sà tẹ̀ ba lábẹ́ tábìlì ńlá, ó fa dúrọ́ọ̀mù búlúù kan jáde, ó ṣí aṣọ àti tíréè tó wà lórí rẹ̀. Fúláwà wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, ẹ̀wà wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, èlùbọ́ wà, gààrí wà. Gbogbo rẹ̀ á tó àpò kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Olè rèé o!” Bọ́sà kígbe. “Sà, ẹ wò ó! Kílò mẹ́jọ fúláwà ni mò ń fún un ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àtẹ ọmọbìnrin yìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ iye tó ń sè nínú rẹ̀? Ẹ wo ibi tó ń kó ìyókù sí!”

Màmá Ìdáná nu ọwọ́ rẹ̀ sí ara ìró. “Mo kó o padà wá fún yín, Bọ́sà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni. Ẹ ní ohun tó bá ti jáde ní sítọ́ọ̀ kì í padà wọlé, ẹ ní kí n kó o lọ.”

“Ìgbà wo?” ni Bọ́sà wí. “Èmi?”

Gbogbo wọn wá yíjú sí mi, nítorí pé ìwé mi ni ẹlẹ́rìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìṣirò mi wò. Nígbà tí wọ́n jáde, mo tẹ̀lé Màmá Ìdáná lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná níbi tí wọ́n ń kó igi sí, mo bi í pé kí ló dé tí oúnjẹ fi ṣẹ́ kù. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà kò fi ní dùn mí.

“Ọmọ mi, ohun tó wà nínú ùwé rẹ ti pọ̀ jù. Kóńgò tí mo fi ń se oúnjẹ, mo máa ń gé orí rẹ̀ ni, pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n o jókòó síwájú mi, o ń wo ọwọ́ mi. Ọmọ ulé ùwé gíga, àlejò mi. Ṣé kí n maa gé kóńgò lójú àlejò ni? Kí o lọ sọ ní Ìdó pé ará Ìfisìn láhun? Bí o bá ti kọjú sí ùwé rẹ, mo bu èyí tó lé kúrò.”

“Ẹ sì jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Mà?”

“N kò mọ̀ pé o ń kọ ti òkè mọ́ ọn. Ùgbà tí mo mọ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ọ̀gá ti yìn ọ́. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, mo ba uṣẹ́ rẹ jẹ́ nù un. Mo kàn ń yọ ọ́ sápá kan.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, bí o bá ń wọn nǹkan lójú ẹni tí o bọ̀wọ̀ fún, ọwọ́ rẹ kò ní gbà fún ọ láti gé e. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ojú ń tì ọ́ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka gíráàmù, ìdí ààrò ni mo dàgbà sí, síbẹ̀ mo gbé àpótí síwájú àgbàlagbà, mo ní kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe, mo sì gbà gbọ́ pé ó ṣeé ṣe. Sikéèlì mi kò purọ́. Gbogbo ohun tó wọ̀n ló jẹ́ òótọ́. Èmi ni mi ò wo ohun tó ń wọ̀n.

Mo kúrò níbẹ̀, mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ láti lọ sọ gbogbo rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó fi bíírò lu bébà yẹn lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Ìwọ nìkan lo ṣe iṣẹ́ rẹ bó ṣe yẹ níbí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni màá fọwọ́ sí i.” Mo wo orúkọ mi. Mo ní, “Ẹ ṣé, Sà.” Mo jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú Màmá Ìdáná dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé ní àpéjọ òwúrọ̀. Ọ̀gá àgbà kò pariwo. Ó ní ó ba òun nínú jẹ́ pé ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní ìyá ń jí oúnjẹ ẹnu wọn kó, ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́la, àti pé kò ní dáná mọ́ títí di ìgbà náà. Obìnrin náà ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo iwájú. Kò sunkún. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn, nínú àwọn ọmọ, kígbe “Olè!”, ẹ̀rín sì bẹ́ sílẹ̀ lápá ibẹ̀. Mo wà láàárín àwọn olùkọ́. Mo mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, mo sì dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ìpàdé ọjọ́ kejì ni ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ́. Kò sí ohun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé orí tábìlì yẹn ni mò ń rò.

Ní Ọjọ́rú, mo gbé kóńgò lọ síbi ìpàdé ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, àti àpò ìrẹsì kékeré kan, àti sikéèlì mi. Alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wá láti Ayédé, bàbá àgbà kan tó ní oko kòkó, tí gbogbo ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ọ̀gá àgbà jókòó, Bọ́sà jókòó, Màmá Ìdáná dúró lẹ́bàá ògiri nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fún un ní àga. Mo kọ́kọ́ gbé àga tèmi fún un. Ọ̀gá àgbà wò mí. Mo wò ó padà.

“Bọ́sà,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọn kóńgò ìrẹsì kan fún Bàbá Alága, kí wọ́n rí nǹkan gbé lọ sílé.”

Ó rò pé mò ń ṣe dáadáa sí alága ni. Ó dìde, ó fa kóńgò mọ́ra, ó bù ú, ó tún bù ú, ó fi ọwọ́ ká a, ìrẹsì ń ya sí orí tábìlì, ó ń ṣà á padà sí orí rẹ̀. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Alága ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti tó, ó ti tó. Bọ́sà ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, kí la fẹ́ máa gé lójú yín?” Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo wọ̀n ọ́n: kílò kan àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù.

“Ẹ ṣé, Sà. Ẹ wá wọn èyí tí ẹ máa kọ sínú ìwé sítọ́ọ̀.”

Ó bù ú kún, ó mú rúlà lórí tábìlì, ó fi gé orí rẹ̀ kó tó ronú. Kílò kan àti ààbọ̀. Mo gbé nọ́ńbà méjèèjì síwájú alága. Mo ní ọwọ́ kan náà ló wọ̀n ọ́n, kóńgò kan náà, ìrẹsì kan náà, kò sì tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní bí fúláwà bá ni, tó rọ̀, tó sì máa ń gòkè ju ìrẹsì lọ, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé. Mo ní ohun tí Màmá Ìdáná wọ̀n fún mi ni kóńgò tí a ń wọ̀n fún àlejò, ohun tí mo kọ sí ìwé nìyẹn, àti pé gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kò ju àṣìṣe mi lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àṣìṣe mi, tí Màmá Ìdáná ń bá mi fi pamọ́ kí n má baà tẹ́. Bàbá Alága ti ìrẹsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yí sí Màmá Ìdáná, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú.” Bọ́sà ń fi ìka ṣa ìrẹsì tó ya sílẹ̀.

Ọ̀gá àgbà to àwọn bébà iwájú rẹ̀ jọ. Ó ní ó dáa, ọ̀rọ̀ ti yanjú, àṣìṣe ni. Kí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀la, kí n tún àtẹ kọ kí àwọn alábẹ̀wò tó dé, kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì parí sínú yàrá yìí.

“Kò lè parí sínú yàrá yìí, Sà,” ni mo wí. “Ìta lẹ ti pè wọ́n lólè. Ìta náà lẹ máa ti sọ pé wọn kì í ṣe olè.”

“Níwájú àwọn ọmọ?”

“Níwájú àwọn ọmọ kan náà, Sà.”

Ó mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi láti orí tábìlì, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì náà, ó fi sínú rẹ̀, ó rọra tì í. Ó fẹ́ kí n rí i. Mo ní, “Ẹ tì í dáadáa, Sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ àtẹ kankan títí ẹ ó fi sọ ọ́.” Ohùn mi ń gbọ̀n, ara mi sì yá gágá, bí ẹni tó ti gbé ẹrù tó wúwo kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Màmá Ìdáná jókòó sílé rẹ̀ ní Ìfisìn, ìran ni èmi sì di. Ní àràárọ̀, mo lọ sí ilé ìdáná, mo bó iṣu, mo ṣa ẹ̀wà, mo gbá ilẹ̀, mo dín bọ́ǹsì burúkú fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan bíírò. Àwọn olùkọ́ ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnìkan nínú wọn ní ta ló rán mi níṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé àwọn alábẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo dá ìránṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìdó. Ìyá mi pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ní kí n lọ kúnlẹ̀, kí n bẹ ọ̀gá mi, ó ní ṣé nítorí kóńgò ni màá ṣe pàdánù iṣẹ́. Mo ní kì í ṣe nítorí kóńgò. Mo ní mi ò ní kúnlẹ̀. Mo tún sọ ọ́ nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì nífẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà sọ ọ́ ní àpéjọ òwúrọ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Màmá Ìdáná, ó wá nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó wé gèlè, ó sì gbé épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀ sí apá. Ọ̀gá àgbà ní ìwádìí ti fi hàn pé kò jí nǹkan kan, ilé-ìwé sì tọrọ àforíjì. Ó sọ ọ́ ní ohùn ẹni tó ń ka ìkéde nípa pápá ìṣeré. Mo gbé ohùn sókè láti ibi tí mo wà: “Sà, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.” Mo rò pé á lé mi lójú ẹsẹ̀. Ó tún un sọ, ó sì pariwo rẹ̀. Ó wá sún sẹ́yìn, Bọ́sà sì bọ́ síwájú, ó ní òun rántí báyìí pé lóòótọ́ ni Màmá kó oúnjẹ padà wá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ débi pé ẹyẹ fò lórí igi máńgòrò.

Màmá Ìdáná dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀. “Mo ti gbọ́,” ó ní. “Ẹ ṣeun. Ẹ maa jẹun dáadáa o, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ó wá gbé épírọ́ọ̀nù náà, tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, ó gbé e lé ọwọ́ ọ̀gá àgbà, ó yí padà, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

“Màmá, iṣẹ́ ńkọ́?” ni ọ̀gá àgbà ké tẹ̀lé e.

“Uṣẹ́ tèmi ti tán níhìn-ín. Ẹ wá ẹlòmíràn.” Kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kadà tó gbé e wá ṣì ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó ti mọ̀ láti ilé pé òun kò ní pẹ́.

Mo kọ àtẹ tuntun, nítorí mo ti ṣèlérí. Mo ti ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ mọ́ ara mi, mo gé gbogbo kóńgò ní pẹrẹsẹ, mo wọ̀n wọ́n. Kílò mẹ́fà fún bọ́ǹsì. Ó jáde dáadáa, ó ṣeé jẹ, kò jọ ti Màmá Ìdáná. Àwọn alábẹ̀wò dé, wọ́n yìn ín. Ìwé mi kò jáde nínú dúrọ́ọ̀ yẹn mọ́. Nígbà tí tẹ́ẹ̀mù parí, mo di ẹrù mi, mo gbé sikéèlì sínú báàgì, mo wọ takisí lọ sí Òyè.

Òyè náà ni mo wà títí dòní, mo ní ilé ìdáná kékeré kan nítòsí yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní oúnjẹ ṣíṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àtẹ orí fóònù hàn mí, pé ife kan jẹ́ iye báyìí. Mo ní ó dáa, ẹ wọ̀n ọ́n kí a rí i, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ jáde síta ná, ẹ tì mí mọ́ta. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi, pé mo láyà. Mi ò sẹ́ ẹ. Mo láyà. Bí ọ̀gá àgbà yẹn bá tún wọlé báyìí, ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni màá tún sọ fún un, ohùn mi kò sì ní gbọ̀n mọ́.

Ṣùgbọ́n mo lọ sí Ìfisìn, ní bí oṣù kan lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀. Mo bá Màmá Ìdáná níbi tó ti ń sá èlùbọ́ lórí àpáta. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó gúnyán fún mi, ó bu ẹran sí i ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì jẹ ẹ́ tán láìwọn nǹkan kan. Mo ti múra pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ó ní mo gbìyànjú, ó ní Ọlọ́run á gbé mi ga. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń yí èlùbọ́ sí ojú kejì, ó ní, láìsí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀, “Ujọ́ kẹta lo sọ ọ́.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo fẹ́ sọ ti ìwé náà fún un, ti ìpàdé, ti bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe ń ronú. Ó ti tẹ̀ ba, ó ń yí èlùbọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bá a yí i títí ó fi tán.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún mi báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n dúró, kí n sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kún un. Ibi tí mo dúró sí láàárín àwọn olùkọ́ ní àárọ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n ń pè é lólè, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.